Mo Ta Àwo Bàbá Àgbà, Mo Fi Ra Fóònù

Ẹni tó wà nínú dáńfó, ẹni tó wà lórí ìlà epo, ẹni tó ń fọ abọ́ tó fi okùn ìgbọ́hùn sétí, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin tí dátà yín ti ń lọ sópin, tẹ́ ẹ ní ẹ ó kúkú ka ọ̀rọ̀ náà dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà ẹ kú ìfaradà. Gbogbo ohun tí mo sọ ló wà níbí.

Ìdí-Àràbà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, kò jìnnà sí géètì LUTH. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo "Ojúwòyè! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú, kọ́ńdọ́ ni. Mo ti ti wíńdò, ṣùgbọ́n ta ló lè ti wíńdò mọ́ ohùn kọ́ńdọ́?

Ọ̀rọ̀ tòní ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ojú ló ń tì mí. Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ní 2019, mo ta àwo bàbá mi àgbà. Kì í ṣe àwo ìjẹun o. Àwo orin, rẹ́kọ́ọ̀dù, èyí dúdú róbótó tí wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ lé lójú. 43 ni wọ́n. Mo ta gbogbo wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo fi owó rẹ̀ ra fóònù.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá àgbà ni wọ́n wà, nínú páálí méjì tí wọ́n fi okùn dì. Bàbá àgbà ti kú láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ wọn, tí àwọn àgbà ń pè ní sénjà, ti dákẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Lójú tèmi, ẹrù tó ń gbàyè lásán ni. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní òun mọ ẹni tó ń rà wọ́n. Ọkùnrin náà dé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí Ìyá àgbà lọ sóde ìnáwó. Kò tilẹ̀ wo àwòrán iwájú páálí. Ńṣe ló ń fa àwo yọ, á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, á dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wo bébà àárín, á tún wo etí bébà náà bí ẹni ń ka nọ́ńbà mọ́tò. Ó san 35,000 náírà. Mo rò pé mo rẹ́ ẹ jẹ ni. Mo fi owó díẹ̀ lé e, mo ra fóònù. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí ojú fóònù náà fi fọ́.

Ó di 2023. Ara Ìyá àgbà kò yá. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ọsibítù, wọ́n padà sílé, ara ti rọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé pérépéré. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí a jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n ní, "Àdùkẹ́."

Mo ní, "Mà."

"Tí ilẹ̀ bá mọ́, bá mi wá ẹni tó máa tún ẹ̀rọ Bàbá yín ṣe. Àwo kan wà nínú páálí yẹn. Àwo kékeré ni, bébà àárín rẹ̀ pupa. Wọ́n dárúkọ Bàbá yín nínú rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó lọ."

Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá, ẹ ò lọ síbì kankan."

Wọ́n ní, "Ibi tí mò ń lọ kọ́ ni mò ń bá ọ sọ. Àwo ni mò ń bá ọ sọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn ò rí ojú mi.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo bọ́ sórí fóònù. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, àwa ọmọ ìsinsìnyí: ohun tí kò bá sí lórí fóònù, a gbà pé kò sí láyé. Mo wá a lórí YouTube, mo wá a lórí Spotify, mo wá a lórí Audiomack. Kò sí. Olórin náà kì í ṣe Sunny Adé, kì í ṣe Obey. Olórin àdúgbò ni, ẹni tó ń ṣeré níbi ìkómọ àti ìsìnkú àgbà ní Mushin àti Sùúrùlérè, tó ṣe àwo mélòó kan, tó sì padà sí ìlú rẹ̀. Mo wá kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kó àwo jọ, tí mo rí lórí Instagram. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé, "Irú àwo yẹn, àkọ́tẹ̀ nìkan ló ní. Kò sẹ́ni tó tún un tẹ̀ rí. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ rí i. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ó parí nìyẹn."

Mo bi í pé kí ni àkọ́tẹ̀. Ó fi wákàtí kan gbáko kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà gé e kúrú fún yín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àwo nìyí. Olórin á wọ sítúdíò, wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sórí téèpù. Ẹ̀rọ kan á gbé ohùn náà kúrò lórí téèpù, á gé e bí ìlà tín-ín-rín sójú àwo rírọ̀ kan. Ara àwo rírọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń mú òǹtẹ̀ onírin jáde. Òǹtẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ ike gbígbóná, bí ẹni ń tẹ búlọ́ọ̀kù nínú mọ́ọ̀dù. Bí ike bá ti tutù, àwo dé nìyẹn. Èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí orin kọ́kọ́ jáde, ní ilẹ̀ tó ti kọ́kọ́ jáde, òun là ń pè ní àkọ́tẹ̀. Èyí tí ilé-iṣẹ́ kan bá tún tẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún tàbí ogójì ọdún, àtúntẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n tẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ olórin tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ orúkọ rẹ̀: ayédèrú.

Ó ní òun mọ ohun tí ọkùnrin tó ra àwo wa ń wò lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́, bébà àárín. Ibẹ̀ ni orúkọ ilé-iṣẹ́ wà, pẹ̀lú nọ́ńbà àwo, àti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Tí ó bá jẹ́ àwo ńlá ti Decca fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, irú èyí tí Ebenezer Obey ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, lẹ́tà WAPS ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀. Èkejì, etí bébà yẹn, ibi dídán tí orin ti tán. Tẹ́ ẹ bá dà á síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n fi irin ha síbẹ̀ tàbí tí wọ́n lù síbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ òǹtẹ̀ tí wọ́n fi tẹ àwo náà. Páálí ṣeé pààrọ̀, bébà ṣeé lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ha sójú àwo kò ṣeé parọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, páálí fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwo kan jáde ní 1972, tẹ́ ẹ wá rí àmì ìlà dúdú-dúdú tí wọ́n fi ń ṣírò ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn páálí rẹ̀, ẹ rọra rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Àmì yẹn kò tíì sí lára páálí àwo nígbà náà. Tí àwòrán iwájú bá sì rí bàìbàì, bí fọ́tò tí wọ́n tún ya fọ́tò rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti da páálí àtijọ́ kọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń ṣe wàhálà tó báyìí? Ṣé orin kan náà kọ́ ni?"

Ó ní kí n dákẹ́ ná. Ó ní, "Níbo lẹ̀ ń gbé?" Mo ní Ìdí-Àràbà. Ó ní, "Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Ìdí-Òro."

Òótọ́ ni. Igi ló sọ àdúgbò méjèèjì lórúkọ, àràbà níhìn-ín, òro lọ́hùn-ún, wọn ò sì jìnnà síra. Ìdí-Òro yẹn ni ilé Fẹlá wà, Kalakuta, ní 14 Agége Motor Road. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya bo ilé náà, wọ́n na àwọn èèyàn, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú wíńdò, wọ́n sì dáná sun ilé. Fẹlá ń ṣe fíìmù kan lọ́wọ́ nípa ara rẹ̀ nígbà náà, The Black President. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún fíìmù náà jóná mọ́ ilé. Ṣùgbọ́n Zombie, orin tó fi sójà ṣe yẹ̀yẹ́, ti wà lójú àwo ní tirẹ̀. Ó ti wà ní yàrá àwọn èèyàn, ní ilé ọtí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ìyá àgbà. Èèyàn lè sun ilé kan. Ta ló fẹ́ sun gbogbo yàrá tó wà ní Mushin?

Ohun tí àwo ń ṣe fún wa nìyẹn. Téèpù ni ìyá orin, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ìyá ti kú nílé ọ̀pọ̀ olórin. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gba orin sílẹ̀ lásìkò yẹn, Decca, EMI, Philips, ẹ wá wọn lónìí kẹ́ ẹ sọ fún mi ibi tí wọ́n wà. EMI yìí ní sítúdíò ní Apápá. Paul McCartney dìde láti London ní 1973, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Wings wá gba orin sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwo Band on the Run. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, tí CD tẹ̀ lé e, àwọn ẹ̀rọ tó ń tẹ àwo dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ téèpù sì bá ọ̀rinrin, eku àti àìbìkítà lọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin wa tẹ̀, bí Strut ṣe gbé Nigeria 70 jáde ní 2001, bí Soundway ṣe gbé Nigeria Special jáde, bí Analog Africa láti Jámánì ṣe kó orin Benin àti Togo jọ sínú African Scream Contest ní 2008, wọ́n ní láti fẹsẹ̀ rìn wá síhìn-ín. Níbi tí kò bá ti sí téèpù, àwo àkọ́tẹ̀ tó mọ́ jù lọ ni irú àtúntẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń mú ohùn. Ẹ gbọ́ ọ yé o: àtúntẹ̀ ni ọmọ, àkọ́tẹ̀ ni ìyá tó kù.

Ibi tó ti wá kan Ìyá àgbà mi nìyí. Ohun tí ọjà òkèèrè fẹ́ jù ni fọ́ńkì, afrobeat, àti háílàífù tó ṣeé jó. Ẹni tó wà ní Berlin kò nílò kó gbọ́ Yorùbá kó tó jó. Ṣùgbọ́n àpàlà, sákárà, jùjú àtijọ́, ọ̀rọ̀ ló gbé wọn dúró. Orúkọ èèyàn ló kún inú wọn. Ẹ wo Hárúnà Ìṣọ̀lá: ní 1948, ó ṣe àwo kan fún HMV nípa Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò tà. Nígbà tí ọba náà wàjà, ó tún orin yẹn kọ ní 1955, òun ló sì gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ní 1969, òun àti I. K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, Star Records, torí ó ti yé wọn pé ẹni tó ni àwo ló ni ọ̀rọ̀. Orin fún ọba, orin fún ẹgbẹ́, orin fún oníṣòwò. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kí ayé gbọ́ orúkọ òun, kò lọ sórí Instagram. Ó lọ bá olórin. Àwo orin yẹn ni ìwé ìtàn àwọn tí kò sẹ́ni tó kọ ìwé nípa wọn. Irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í wu àwọn tó ń ṣe àtúntẹ̀. Tí àkọ́tẹ̀ bá sọnù, orúkọ sọnù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Instagram yìí fi ojú ìwé Discogs hàn mí, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti wà láti 2000, níbi tí àwọn tó ń kó àwo jọ ti ń tà, tí wọ́n ti ń rà. Mo rí àwo fọ́ńkì kan tí mo dá páálí rẹ̀ mọ̀. Ó wà lára tiwa. Owó tí wọ́n pe ẹyọ kan ṣoṣo náà ju owó tí mo gbà lórí gbogbo 43 lọ. Mo ti fóònù pa. N kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí n má parọ́, mo jẹ ẹ̀bà díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló júwe bàbá kan fún mi tó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè. Mo lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn.

"Ẹ kú ọjà o, Bàbá."

"Ọmọ mi, o ṣeun. Tó bá jẹ́ Fẹlá lo bá wá, Fẹlá ti tán. Wọ́n ti kó o lọ fún Òyìnbó."

"Fẹlá kọ́ ni mò ń wá, Bàbá."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbójú sókè wò mí. Mo sọ orúkọ olórin náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ yẹn kẹ́yìn. Wọ́n nàka sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àwo wà lórí ara wọn títí dé àjà. Wọ́n ní, "Àwọn tó ń rà á fún òkèèrè, tí wọ́n bá ti ṣa èyí tó ń pawó, wọ́n á da ìyókù síhìn-ín. Ó lè wà níbẹ̀. Ó lè má sí níbẹ̀. Má sáà da ilé wó lé ara ẹ lórí."

Sátidé mẹ́ta ni mo fi ṣa àwo. Ọwọ́ mi dúdú bí ọwọ́ mẹkáníìkì. Ní Sátidé kejì, mo fa àwo kan yọ, mo rí nọ́ńbà 17 tí wọ́n fi báírò kọ sí igun bébà àárín, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá àgbà máa ń kọ nọ́ńbà sára gbogbo àwo rẹ̀. Mo túbọ̀ wá a, mo rí nọ́ńbà 30. Tiwa ni méjèèjì. Ọkùnrin yẹn ti ṣa èyí tó fẹ́, ó da ìyókù síbí, ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan sí ilé wa. Mo ra àwo bàbá mi àgbà padà ní 1,500 náírà ẹyọ kan.

Sátidé kẹta ni mo rí èyí tó ní bébà pupa. Àwo kékeré, kò ní páálí, orúkọ olórin náà wà lójú rẹ̀. Mo yẹ igun bébà wò. Kò sí nọ́ńbà Bàbá àgbà níbẹ̀. Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi báírò kọ síbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ rí bí ti tíṣà. Kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n àwo náà ni. Ariwo tí mo pa, gbogbo ọjà gbọ́ ọ.

Ẹ gba ìmọ̀ràn yìí lọ́wọ́ mi: tẹ́ ẹ bá rí ohun tẹ́ ẹ ń wá, ẹ má jẹ́ kí ojú yín sọ̀rọ̀. Bàbá wo ojú mi, wọ́n ní 20,000 náírà. Mo bẹ̀ wọ́n títí tó fi dé 12,000. Wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e fún mi, wọ́n ní, "Ìyá ẹ ló kọ orin náà ni?" Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ìyá àgbà mi ló fẹ́ gbọ́ ọ."

Ó ku ẹ̀rọ. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe ní òpópónà wa tú sénjà Bàbá àgbà palẹ̀, ó pààrọ̀ ráńbà tó ń yí i, ó wá abẹ́rẹ́ mìíràn sí i. Èmi fọ àwo bí wọ́n ṣe kọ́ mi: píọ́ wọ́tà, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan péré, aṣọ rírọ̀ tó mọ́. Ẹ máa tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ yíká, ẹ má nù ún gba àárín kọjá. Ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Ẹ má sá a sóòrùn láéláé, yóò wọ́ bí ẹran díndín. Ìdúró ni kẹ́ ẹ tò ó, bí ìwé lórí pẹpẹ, ẹ má tò ó lórí ara wọn.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, iná wà. Ìyá àgbà wọ aṣọ. Mo ní wọ́n wọ aṣọ, aṣọ òde, pẹ̀lú gèlè, nínú pálọ̀ tiwọn. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ohùn kan jáde, ó ń fà, ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹni oorun ń kùn. Ìyá àgbà wò mí, wọ́n ní, "Kí ló ṣe é? Ṣé ó mutí ni?" Mo ti gbé ẹ̀rọ sí 33, bẹ́ẹ̀ àwo kékeré, 45 ni. Mo yí i.

Ìlù bọ́ síta. Ariwo wà nínú rẹ̀, kíkikìki bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, ṣùgbọ́n ìlù wà lábẹ́ rẹ̀, agídìgbo wà, ohùn ọkùnrin kan sì wà tó ń kí àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kí alága ẹgbẹ́. Ó kí akọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni orúkọ bàbá mi àgbà jáde, òun àti oríkì rẹ̀, òun àti ìlú rẹ̀, kedere, nínú pálọ̀ wa. Omijé ń bọ́ lójú mi. Mo wo Ìyá àgbà. Ojú wọn gbẹ. Ńṣe ni wọ́n ń mi orí bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì.

Nígbà tó tán, mo ní, "Ìyá, ẹ ti gbọ́ ọ."

Wọ́n ní, "Gbọ́ kí ni? Yí i sí ojú kejì."

Mo yí i. Orin mìíràn ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí olórin náà tó dárúkọ obìnrin kan, ìyàwó tó ń ta aṣọ, tí owó rẹ̀ kì í wọ́n lágbo àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ. Ó kì í. Ó kì í dáadáa. Orúkọ Ìyá àgbà mi ni.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta lo rò pé ó sanwó? Bàbá yín fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun, kò sì ní kọ́bọ̀. Àjọ tí mo kó ni mo fi san án. Mo sọ fún olórin yẹn pé kí àwọn ọkùnrin máa mú ojú kìíní, ojú kejì, tèmi ni. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá dé, ojú kìíní ni Bàbá yín ń gbé sí i. Tó bá ti gbọ́ tiẹ̀ tán, á pa ẹ̀rọ."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Mo ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe tiwa lèyí. Mo ti ta tiwa."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló ń gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi? Mo mọ̀ láti ọjọ́ kejì. Mo ń wo fóònù lọ́wọ́ ẹ."

Mo ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ní kí n gbé e wá?"

Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n ní, "Kó o lè lọ wá a ni."

Ìyá àgbà ṣì wà o. Wọ́n wà ní pálọ̀ báyìí, wọ́n ń gbọ́ gbogbo irọ́ tí mo bá pa. Mo ti fi fóònù gba ojú méjèèjì sílẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó wà ní London sì pè mí lóru, kò lè sọ̀rọ̀. Àwo gangan wà ní ìdúró lórí pẹpẹ, òun àti nọ́ńbà 17 àti nọ́ńbà 30. Àwo 41 ṣì wà níta, orúkọ bàbá mi àgbà kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ wà níbẹ̀.

Orúkọ tó wà lára àwo pupa yẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò ní dá a níbí, torí mi ò tíì mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni náà ra àwo yìí pẹ̀lú owó rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i kó má bàa sọnù. Bóyá ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan náà fi ra fóònù. Bóyá ó ń gbọ́ mi báyìí. Mò ń wádìí ní òpópónà-òpópónà, ní ìrọ̀rùn.

Mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má ta ohunkóhun. Mo mọ iye tí gàrì di. Ṣùgbọ́n tí páálí kan bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan nílé yín, kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó ń rà á, ẹ fa àwo yọ, ẹ ya fọ́tò bébà àárín àti nọ́ńbà etí rẹ̀, ẹ bi àgbà ilé léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wá sénjà kan, kódà kẹ́ ẹ yá a. Ẹ gbọ́ ojú kìíní. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà.

Ó dìgbà kan ná. Ọ̀wọ́lẹ̀ o, LUTH!